Ọkọ̀ tó da májèlé s'Ábíjàn, Èkó ló yà kó tó débẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́bí l'Éjìgbò, tàbí tẹ́ ẹ ti rí mọ́tò tó ń gbéra níbẹ̀ lọ tààrà s'Ábíjàn rí, ẹ ò ní í bá mi jiyàn pé Abíjàn kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fọ́mọ Yorùbá. Àwọn ìyá wa ń tajà níbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀hún sì ń sọ Faransé bí ẹni ń mumi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Òru ọjọ́ 19 mọ́jú ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 2006, làwọn ọkọ̀ tánkà bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi kan tó ń rùn dà káàkiri Abíjàn. Wọ́n dà á sí ààtàn ńlá tó wà ní Akouédo, wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n dà á síbi tí omi ìdọ̀tí ń gbà kọjá. Kílẹ̀ tó mọ́, òórùn bí ẹyin òbu ti gba àdúgbò kan. Àwọn kan ń bì, ojú ń ta àwọn kan, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú àwọn mìíràn, àwọn ọmọdé ò lè mí dáadáa. Àwọn tó lọ sílé ìwòsàn nítorí ẹ̀ lé ní 100,000. Ìjọba ibẹ̀ ní ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo mínísítà fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbo wá ni omi yẹn ti wá? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Epo kan wà ní Mexico tí kò mọ́ rárá, tí imí ọjọ́ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra epo tó ń tà á káàkiri àgbáyé, Trafigura lorúkọ ẹ̀, rà á ní ọ̀pọ̀. Kí èrè tó lè wà níbẹ̀, àfi kí wọ́n fọ̀ ọ́. Kọ́sítíìkì sódà, irú èyí táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, ni wọ́n fi ń fọ irú epo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹ̀ kì í ṣe kékeré, ọ̀pọ̀ ìlú ni ò sì fẹ́ ẹ nítòsí wọn. Kí ni wọ́n wá ṣe? Inú ọkọ̀, lórí òkun, ni wọ́n ti fọ epo. Nígbà tí lẹ́tà táwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ń kọ síra wọn lórí kọ̀ǹpútà hàn síta ní 2009, gbogbo ayé rí i pé wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀gbin yẹn máa di wàhálà sí wọn lọ́rùn. Èrè ni wọ́n ń wò.

Probo Koala lorúkọ ọkọ̀ ọ̀hún. Ará Greece ló ni ín, Panama ni wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, Trafigura tó háyà ẹ̀ ní ọ́fíìsì ní Holland, ní Lọ́ńdọ̀n àti ní Switzerland, Mexico sì ni epo ti wá. Ohun táwọn alákọ̀wé ń pè ní pé ayé ti di ọ̀kan nìyẹn. Tí èrè bá wà, olúkálukú mọ ìpín tiẹ̀. Tí òórùn bá ti ń jáde, ẹ máa wá ẹni tó ni ín lọ, ẹ ò ní í rí i.

Ní oṣù keje ọdún 2006, ọkọ̀ yẹn gúnlẹ̀ sí Amsterdam. Wọ́n ní káwọn tó ń gba ẹ̀gbin ọkọ̀ níbẹ̀ bá àwọn gbà á, owó tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣí i báyìí, òórùn ẹ̀ kọjá sísọ, àwọn aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ sùn. Àwọn tó fẹ́ gbà á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti yí padà o, nǹkan bíi 1,000 yúrò ni wọ́n máa gbà báyìí lórí mítà kúbíìkì kọ̀ọ̀kan. Mítà kúbíìkì kan jẹ́ dúrọ́ọ̀mù epo márùn-ún, ìyẹn ni pé 200 yúrò lórí dúrọ́ọ̀mù kan. Èyí tó wà níkùn ọkọ̀ sì lé ní 2,600 dúrọ́ọ̀mù, ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Trafigura ní àwọn ò san án. Wọ́n fa ẹ̀gbin náà padà síkùn ọkọ̀, ìjọba ibẹ̀ sì wò wọ́n títí wọ́n fi lọ. Ilé tiwọn ṣáà ti mọ́.

Ọkọ̀ kọjá sí Estonia, ó gbé bẹntiróòlù níbẹ̀, ó sì forí lé Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀dọ̀ wa níbí. Bó ṣe ń já bẹntiróòlù l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá ẹni tó máa gba ẹ̀gbin yẹn lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Èmi máa ń rò ó, ara mi sì máa ń bù máṣọ. Ká ní ejẹ́ǹtì kan l'Apápá ti sọ pé “ẹ gbé e wá, iye tẹ́ ẹ bá ní ẹ fún mi,” àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ààtàn Olúsosùn ni wọn ì bá dà á sí, àwọn ará Ọjọ́ta ni ì bá sì máa bì.

Abíjàn lejẹ́ǹtì yẹn wà. Kọ́ńpìnnì kékeré kan tí wọn ò tíì fún ní ìwé àṣẹ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, Compagnie Tommy, ló ní òun á gbà á ní nǹkan bíi 35 dọ́là lórí mítà kúbíìkì kan. Dọ́là méje lórí dúrọ́ọ̀mù kan! Kò ní irinṣẹ́ kankan tó lè fi tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tánkà ló háyà. Ọ̀gá kọ́ńpìnnì ọ̀hún ńkọ́? Ọmọ Nàìjíríà ni. Kóòtù rán an lẹ́wọ̀n 20 ọdún ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, wọ́n sì rán ejẹ́ǹtì ọkọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún.

Àwọn òyìnbó ńkọ́? Wọ́n mú àwọn ọ̀gá Trafigura méjì tó lọ s'Ábíjàn, wọ́n lo bí oṣù márùn-ún lẹ́wọ̀n. Ní oṣù kejì ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san nǹkan bí 95 bílíọ̀nù owó sẹ́fà fún ìjọba, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Títí dòní, Trafigura ní àwọn ò jẹ̀bi, pé Tommy ló da nǹkan síbi tí kò yẹ, àti pé ẹ̀gbin ọ̀hún ò lè pààyàn. Ní 2009, wọ́n tún gbà ní Lọ́ńdọ̀n láti san 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fáwọn èèyàn bí 30,000, wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn gbà pé àwọn jẹ̀bi o. Ó jẹ́ nǹkan bí 1,000 pọ́n-ùn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣẹ́ ẹ rò pé gbogbo wọn ló rí i gbà? Ẹgbẹ́ kan jáde l'Ábíjàn, wọ́n ní àwọn làwọn ń ṣojú àwọn tó fara gbá a, owó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, èèyàn tó tó 6,000 ò sì rí kọ́bọ̀. Wọ́n ti da májèlé sí wọn níwájú ilé, àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà tún wá jẹ owó oògùn wọn. Èmi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Holland ni tiẹ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù kan yúrò lé Trafigura lórí ní 2010, nítorí pé wọ́n gbé ẹ̀gbin jáde lọ́nà tí kò bófin mu, wọ́n sì fi bó ṣe léwu tó pamọ́. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, Kóòtù Áfíríkà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Arusha wá dá ìjọba Ivory Coast fúnra ẹ̀ lẹ́bi pé kò dáàbò bo àwọn èèyàn ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fáwọn tọ́rọ̀ náà kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́bí níbẹ̀ nígbà náà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ju káàdì ilé ìwòsàn nù.

Àwọn kan á ní ṣé kò sófin ni. Òfin wà. Àwa gan-an wà lára ohun tó jẹ́ kó wà. Ní 1988, wọ́n bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù májèlé láti Ítálì nínú ọgbà onílé kan ní Kókó, tó wà ní Bendel nígbà yẹn, tó ti di Delta báyìí. Nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù ni wọ́n ń san fún un. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Ítálì ló ta ìjọba lólobó. Ìjọba fa ìbínú yọ, ó pe aṣojú wa níbẹ̀ padà wálé, ó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ àwọn ará Ítálì kan, wọ́n sì kó ẹrù wọn padà lọ tipátipá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe àdéhùn Basel, tó ní o ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀gbin olóró lọ sílẹ̀ ẹlòmíì láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ní 1991, àwa èèyàn Áfíríkà tún ṣe tiwa ní Bamako, a ní a ò gbà á rárá.

Ibi tí òfin ti ń bọ́ ni orúkọ. Ìwé tí wọ́n fi gbé dúrọ́ọ̀mù wọ Kókó ò sọ pé ẹ̀gbin ni, ohun èlò ilé kíkọ́ ni wọ́n pè é. Ti Probo Koala, wọ́n ní omi tí wọ́n fi fọ ikùn ọkọ̀ ni, irú èyí tí gbogbo ọkọ̀ ń tú dà ní èbúté, tí òfin mìíràn wà fún. Ọdún 2014 lòfin tó ní ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ máa po epo tàbí fọ̀ ọ́ lórí òkun mọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín wa níbí, “tòkunbọ̀” ni wọ́n ń pè é. Àjọ Basel Action Network wá s'Ékòó, ó sì jáde ní 2005 pé nǹkan bí 500 kọ̀nténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣù, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ kò ṣe é tún ṣe. Ní 2009, àwọn Greenpeace ba tẹlifíṣọ̀n kan jẹ́ pátápátá, wọ́n fi ohun tó ń sọ ibi tó bá wà sínú ẹ̀, wọ́n jù ú sílé ìdọ̀tí ní ìlú òyìnbó. Alábà ni wọ́n ti bá a.

Probo Koala náà ò ní ìsinmi. Wọ́n yí orúkọ òun náà padà sí Gulf Jash, ní 2011 wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Bangladesh kí àwọn tálákà ibẹ̀ wá tú u palẹ̀ létí òkun, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí tó wà lára ẹ̀. Bangladesh ní kó máa lọ.