Awọ Ẹfọ̀n Dà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìparadà Nínú Dungeons & Dragons

Ẹ jẹ́ kí a sọ ojú abẹ níkòó: nínú Dungeons & Dragons, druid máa ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ eré yìí, orí tábìlì ni a ti ń ṣe é, pẹ̀lú ìwé, pẹ́ńsùlù àti dáìsì. Olúkúlùkù ló ní ẹ̀dá inú ìtàn kan tó ń darí, ẹnì kan sì jẹ́ olùdarí eré tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Druid ń pe ọfọ̀, ó ń wo ọgbẹ́ sàn, ó sì tún ń para dà di ẹranko. Wild Shape ni wọ́n ń pe agbára ìparadà náà.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀ nínú òfin ọdún 2014. Ẹ mú druid kan tó jẹ́ ti Circle of the Moon, ní ìpele kejì péré, tí ara rẹ̀ le níwọ̀nba. Iye ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 17. Ó lè di béárì aláwọ̀ búráùn tó ní ẹ̀mí 34 tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọ̀tá bá lu béárì náà pa, druid kò kú. Ó kàn padà di ènìyàn ni, ó sì tún lè di béárì lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sinmi. 34 lọ́nà méjì pẹ̀lú 17, ó di 85. Fighter tí ara rẹ̀ le bákan náà, tó jẹ́ pé ogun jíjà ni iṣẹ́ rẹ̀, 20 ni tirẹ̀. Béárì ń géni jẹ, ó tún ń fi èékánná yani, lẹ́ẹ̀kan náà. Fighter yóò dúró di ìpele karùn-ún kó tó máa ṣá idà lẹ́ẹ̀mejì.

Àìsàn yìí ti pẹ́. Nínú ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 2000, druid a gba agbára apá, ìyára àti líle ara ẹranko tó bá dà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n orí tirẹ̀ ló ń lò. Àwọn eléré tó gbọ́n a wá da máàkì tó burú jù sí ara, wọn a kó èyí tó dára sí orí. Natural Spell tún jẹ́ kí ẹranko náà lè máa pe ọfọ̀. Wọ́n fún un níṣu, wọ́n fún un lọ́bẹ. Ẹ̀dà kẹrin yí i padà bìrí: nígbà tí druid wọ inú rẹ̀ ní 2009, ìrísí ẹranko kò yí máàkì kankan padà mọ́. O di ìkookò o, o di béárì o, ọ̀kan náà ni. Ó dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ para dà tí ara kò ní dà?

Òfin 2024 ló sún mọ́ ohun tí à ń fẹ́ jù. Ẹ̀mí tirẹ̀ ni druid ń gbé wọ inú awọ ẹranko, ẹ̀mù díẹ̀ ni wọ́n sì bù sí i: Moon ní ìpele kẹta ń gba 9. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pariwo lórí èyí. Lójú tiwa, ohun mìíràn tí ariwo náà bò mọ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù: ìrísí mẹ́rin péré ni druid lè mọ̀ ní ìpele kejì, ọ̀kan ṣoṣo ló sì lè pààrọ̀ lẹ́yìn oorun alẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé kì í ṣe agbára béárì ló ń dun Fighter. Àwọn kan á ní eré àjọṣe ni, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni du ipò kìíní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àkókò ni a ń pín lórí tábìlì. Bí a bá jókòó fún wákàtí mẹ́rin, tí druid di béárì nígbà ìjà, tó di aláǹtakùn nígbà tí ó yẹ kí Rogue yọ́ wọlé, tó di ẹṣin nígbà ìrìn àjò, kí ni àwọn yòókù wá ṣe? Wọ́n wá wòran.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì. Ìtàn ọdẹ àti obìnrin ẹfọ̀n, tí ọ̀pọ̀ ń so mọ́ Ọya, ṣe é ju ìwé òfin lọ. Obìnrin náà bọ́ awọ rẹ̀ sínú igbó, ó lọ sọ́jà. Ọdẹ rí i, ó gbé awọ náà pamọ́. Lọ́jọ́ náà, kò ní ẹ̀mí kan sí i lápò. Ó ní láti fẹ́ ọdẹ, ó sì fún un ní èèwọ̀: kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò fi ìwo bú òun. Orogún bú u, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Agbára rẹ̀ kò kéré rárá, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí wọ́n ti lè mú un.

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn olùdarí eré dán wò nìyẹn. Kí druid yan ìrísí kan tó lágbára ju ti ìwé lọ, kí òun fúnra rẹ̀ dá èèwọ̀ ìrísí náà, kí gbogbo tábìlì gbọ́ ọ. Kí olùdarí má sì sọ èèwọ̀ náà di pàkúté ojoojúmọ́ o. Ọdẹ kò jí awọ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Druid tí kò bá fẹ́ èèwọ̀, kó mú mẹ́rin inú ìwé, kó sì fi aláǹtakùn sílẹ̀ fún Rogue.