Oyè Ọ̀mọ̀wé Tí Kò Mọ Ọ̀nà Ọjà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní àìpẹ́ yìí, bí mo ti jókòó sí abẹ́ àtíbàbà àwọn ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí, tí mo ń wo bí ọ̀kọ̀ ti ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín òwú, ni fóònù mi dún, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì kan ní Èkó sì kí mi pé, “Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́,” tí ó sì wí fún mi pé òun ti pinnu láti lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣàkóso okòwò, èyí tí wọ́n ń pè ní DBA, pé kí n fi àdúrà sí i, kí n sì fi ìmọ̀ràn kún un. Mo súre fún un dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Kí ni o fẹ́ wádìí?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Bàbá, wọn yóò fún wa ní àkòrí nígbà tí a bá débẹ̀.”

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó sọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sọ, nítorí pé ojú oyè ni a fi ń wo ẹ̀kọ́ yìí ní ilẹ̀ wa, a kì í fi ojú iṣẹ́ wò ó. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni. Oyè ọ̀mọ̀wé tí a mọ̀ sí PhD, ẹni tí yóò fi ọgbà yunifásítì ṣe oko tí yóò máa ro títí di ọjọ́ ogbó ni a kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ti okòwò yìí, ẹni tí ó ti wà lẹ́nu òwò tàbí tí ó ti ń darí òṣìṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ ni ó wà fún, ẹni tí iṣẹ́ ti ta kókó kan fún, tí ó fi ọwọ́ tú u tì, tí ó fi eyín tú u tì, tí ó wá gbé kókó náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè kọ́ ọ bí a ti ń ya àgbọ́sọ kúrò lára ohun tí ojú rí, àti bí a ti ń fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ kí ó má baà ṣubú nígbà tí ọlọ́gbọ́n bá tì í. Kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sán ni ti ọ̀gá, òru ni ti ìwé. Fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò jókòó ti ẹ̀kọ́ nípa ọgbọ́n ìwádìí, yóò gbé àbá rẹ̀ síwájú àwọn olùkọ́, wọn yóò dá a padà fún un bí ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò lọ sí pápá, yóò kọ ìwé ńlá kan, yóò sì wá dúró gbèjà ìwé náà níwájú àwọn tí kò bá a jẹ, tí kò bá a mu. Orúkọ oyè náà pàápàá kò dúró lójú kan: ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ti Harvard ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, tí ó sì ti fi DBA fún ọ̀pọ̀ olùwádìí, ni ó yí tirẹ̀ padà sí PhD ní 2018. Lẹ́tà mẹ́ta lọ, lẹ́tà mẹ́ta dé. Ìdí iṣẹ́ kò yí padà.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn oyè, n kò sì ní purọ́, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba wa kì í ṣàdédé gun orí ìtẹ́, a máa wọ ìpèbí, ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́ ọ ní ohun tí ojú ọmọ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Ọdún ìwádìí ni ìpèbí ọ̀mọ̀wé. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kò fẹ́ wọ ìpèbí, adé ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ wọn ti sú àwọn gíwá yunifásítì wa tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pàdé ní Keffi ní 2012, tí wọ́n sì fẹnu kò pé ẹni tí a fi oyè ọ̀mọ̀wé dá lọ́lá lásán kò gbọdọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní Dókítà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá wí kò kúkú gbọ́. Nígbà tí ó sì di ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan, Umar Audu, sọ fún ayé bí òun ti ṣe gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí òun sì fi ìwé náà wọ ètò àgùnbánirọ̀ láìsí ẹni tí ó di òun lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po ni ìjọba àpapọ̀ dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Àwa ará Ṣakí tí a bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí wa. A mọ ọ̀nà inú ọ̀dàn tí ìrẹsì fàyàwọ́ ń gbà. Ó dùn wá láti gbọ́ pé ìwé-ẹ̀rí fàyàwọ́ náà ti mọ̀ ọ́n. (N kò fi èyí bú àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó ra ayédèrú jẹ̀bi bí ẹni tí ó tà á, ọmọ Nàìjíríà sì ni ó rà á.)

Ṣùgbọ́n n kò mú kálámù nítorí àwọn onífàyàwọ́. Àwọn tí wọ́n ń kàwé náà tọkàntọkàn ni mo ń bá wí, àwọn tí wọ́n ń fi oorun wọn ṣòfò lórí àkòrí tí a lè gbé láti ìlú kan lọ sí òmíràn láìyí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, irú bí “Ipa Ìdarí Rere Lórí Iṣẹ́ Àwọn Òṣìṣẹ́,” nígbà tí ó jẹ́ pé ìmọ̀ òwò tí ó jinlẹ̀ jù lọ ní agbègbè wọn ń wọ ilẹ̀ lọ lójúmọ́ pẹ̀lú àwọn tí ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá àgbà kan ní agbolé wa ní Ṣakí, ẹni tí a fi orúkọ ìlú Támálè ní Gánà tí ó ti bọ̀ pè títí ó fi kú. Láti ìgbà tí Gánà ṣì ń jẹ́ Gold Coast ni àwọn ènìyàn Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Kìṣí àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń kó aṣọ àti wọ́sìwọ́sì lérí, tí wọ́n ń gba Párákú kọjá, tí wọ́n ń la àríwá Tógò já, títí wọ́n fi dé àwọn ọjà àríwá Gánà, tí wọ́n sì dúró níbẹ̀ tí ọjà ń mú wọn lójú. Ẹni tí ó bá ti rọ́wọ́ mú a ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ránṣẹ́. Ọmọ náà yóò bá a tajà fún ọdún díẹ̀, yóò mọ oníbàárà, yóò mọ èdè, yóò mọ ẹni tí a lè tà ní àwìn fún àti ẹni tí a kì í jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọjà kí ó tó sanwó, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yóò fún un lówó ìdókòwò, tí òun náà yóò dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí yóò sì ránṣẹ́ sílé ní tirẹ̀. Kò sí báńkì nínú rẹ̀, kò sí agbẹjọ́rò nínú rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àádọ́ta ọdún tú ká bí àtẹ tí ìjì jà sí.

Ìyá yìí dé pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, ó sì tún òwò bẹ̀rẹ̀ láti orí iyọ̀ àti ìṣáná. Ara ògiri ilé rẹ̀ ni ìwé gbèsè rẹ̀ wà: ìlà ẹfun tí ó dúró ṣánṣán fún ẹni tí í san lásìkò, èyí tí ó tẹ̀ fún ẹni tí í fi ọ̀la dọ́la, àti àmì kan bí ìwọ̀ fún ẹni tí kò gbọdọ̀ tún rí àwìn gbà láéláé. Ní Iléyá ọdún kan, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ dá a lọ́lá, wọ́n kun ilé náà ní ọ̀dà tuntun, gbogbo gbèsè ìlú sì parẹ́ mọ́ ara ògiri. A rò pé yóò sunkún. Ó jókòó sórí àpótí, ó pe ọmọ kan tí ó mọ̀wé kọ, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti inú orí, orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, iye lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọjọ́ tí ẹni náà ṣèlérí àti irọ́ tí ó pa nígbà tí ọjọ́ pé. Nígbà tí ó kú, orí náà bá a lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa, èmi tí mo ń kọ̀wé yìí pẹ̀lú, tí ó bi í léèrè bí ó ti ṣe mọ ẹni tí yóò san kí ó tó tajà fún un, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni báńkì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ná owó ńlá lé lórí lónìí kí ó lè mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n àlejò ni ó bá wa rí èyí tí àwa onílé kò rí. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà, Gloria Marshall, tí ó wá di Niara Sudarkasa, wá sí Aáwẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó bá àwọn ìyá ọlọ́jà gbé, ó bá wọn nájà, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní 1964, ìwé rẹ̀ Where Women Work sì jáde ní 1973. Ti àwọn ará wa tí Gánà lé, òyìnbó kan, J. S. Eades, ni ó tọpasẹ̀ wọn, tí ó kọ Strangers and Traders, èyí tí ó jáde ní 1993. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ojú sì ń tì mí. Àwọn ará wa Ìgbò kò dúró de àlejò: ọmọ wọn, Ndubuisi Ekekwe, gbé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọmọ òwò síwájú àwọn òǹkàwé Harvard Business Review ní 2021, òwò ilé baba rẹ̀ sì di ohun tí àwọn olùkọ́ okòwò ń jíròrò káàkiri. Àwa tí a ṣe irú rẹ̀ ní Támálè ń wá àkòrí.

Bẹ́ẹ̀ àkòrí kò wọ́n ní Òkè-Ògùn, agbègbè wa. Lẹ́yìn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, mo bi ahunṣọ tí mo jókòó tì pé èló ni èrè rẹ̀ lórí aṣọ òfì kan. Ó ka owó òwú, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti òkè òkun wá báyìí. Ó ka ti ṣáin-ṣáin, òwú tí ń dán. Ó ka owó ọmọ iṣẹ́ àti owó ọkọ̀. Ó yọ wọ́n kúrò, ó ní ohun tí ó kù ni èrè. Mo ní, “Ọ̀gá, iṣẹ́ ọwọ́ tiyín ńkọ́?” Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè owó afẹ́fẹ́ tí ó ń mí. Ìlú tí ó fi òfì lókìkí dé Lọ́ńdọ̀nù, tí kò sí ìyàwó tàbí ọkọ tuntun tí kò mọ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ oníṣẹ́ kò ka ara rẹ̀ mọ́ ohun tí ó níye! Ìwé ọ̀mọ̀wé odidi kan ni ìbéèrè yìí.

Òmíràn ni ti tábà. Ní Ìsẹ́yìn àti Òkèhò, àwọn àgbà rántí bí ilé-iṣẹ́ Nigerian Tobacco Company ti ń fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, tí ó ń mú ajílẹ̀ wá, tí ó ń rán ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìtọ́jú ewé, tí ó sì ń rà á lọ́wọ́ wọn nígbẹ̀yìn. N kò fẹ́ràn tábà, kò ṣe ara lóore. Ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí tábà fi rí ọ̀nà tí iṣu kò rí? Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu ní Àgọ́-Àrẹ ń dá ara rẹ̀ wá irúgbìn, ó ń dá ara rẹ̀ wá oníbàárà, kì í sì í mọ iye tí wọ́n ta iṣu rẹ̀ ní ọjà Mile 12 ní Èkó. Nígbà tí ìjọba Ṣèyí Mákíndé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65, gbogbo wa jó, a sì jàre. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti ṣírò bóyá ọwọ́ àgbẹ̀ ni èrè ọ̀nà náà bọ́ sí, tàbí ọwọ́ awakọ̀, tàbí ti alárobọ̀? Ti òrí náà ń bẹ nílẹ̀: ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó kóró òrí jáde fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa fún un nílé, àwọn obìnrin tí ń ṣa á ní ọ̀dàn Ṣakí sì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní ìbéèrè, kí ó fi owó rẹ̀ kọ́lé. Ẹni tí ó bá ní in, kí ó kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ NUC, àjọ tí ń ṣàbójútó àwọn yunifásítì wa, bóyá wọ́n mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ lọ, tàbí bí ó bá jẹ́ ti òkè òkun, kí ó wò ó bóyá irú ẹgbẹ́ bí AACSB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, tí ó sì ń ṣe òdiwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ okòwò, fọwọ́ sí i. Bí ó bá sì gboyè tán, mo fẹ́ kí a tún bi í léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì nílé: kí ó kó kókó ìwé náà sí èdè Yorùbá tí ó dán mọ́rán, kí ó dúró níwájú ìyálọ́jà, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn ahunṣọ, kí wọ́n da ìbéèrè bò ó, kí ẹ̀dà ìwé náà sì wà ní Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí, níbi tí ọmọ tálákà ti lè kà á. Ẹni tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá gbà wọlé tí àwọn ọlọ́jà bá lé jáde, èmi kò ní pè é ní Dókítà.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kí ó má tíì san owó ìforúkọsílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wá sí Ṣakí, kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀ dání, nítorí pé ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò ní Gánà ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé.