Onílù Kì í Ṣe Ohun Ọ̀ṣọ́: Èrò Mi Lórí Ìrìn-Àjò Àwọn Àlejò sí Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà Ojúde Ọba ọdún 2024. Mo sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń gbé yàrá, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síbí.

Ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń ṣètò ìrìn-àjò kó àwọn àlejò bí ogún wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Orin, àṣà àti ìtàn Áfíríkà ni àwọn àlejò náà fẹ́ mọ̀, owó gidi ni wọ́n sì san. Ilé-iṣẹ́ náà wá akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá méjì tí yóò ṣe ògbifọ̀. Mo wà lára àwọn méjì náà. Inú mi dùn gan-an. Mo tilẹ̀ rán aṣọ tuntun nítorí ọjọ́ náà.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni mo jókòó sí. London ni wọ́n bí màmá yìí sí. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá tó bí ìyá àwọn, pé àwọn kò bá a láyé, pé ohun tí àwọn mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju orúkọ rẹ̀ àti orúkọ agboolé tí wọ́n ti bí i lọ. Wọ́n ti kọ méjèèjì sí ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́ kan. Wọ́n fi hàn mí, mo kà á sókè fún wọn bí a ṣe ń pè é, wọ́n sì ń pè é tẹ̀lé mi títí tí a fi dé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ojúde Ọba mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń kọjá ní ẹgbẹẹgbẹ́ nínú aṣọ kan náà, àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wọlé, ìbọn ń dún, ìlù kò sinmi. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn fọ́tò ọdún náà kárí ayé lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn àlejò wa ń ya fọ́tò láìdúró.

Baba onígángan kan wá dúró níwájú màmá mi. Ó lu gbólóhùn kan. Ó tún un lù. Màmá yíjú sí mi, wọ́n ní, “Kí ni wọ́n ń sọ?” Mo ní, “Wọ́n ń kí yín káàbọ̀ ni, mà.” Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n fún baba lówó. Baba gba owó, ó tún lu gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó wò wá díẹ̀, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àlejò ti wọ ọkọ̀ lọ, mo rí baba náà níbi tó ti ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sọ fún màmá òyìnbó dúdú yẹn. Baba ní, “Ìwọ tí o dúró tì í ńkọ́? Mo bi í pé ọmọ ta ló jẹ́. Ó fún mi lówó, kò fún mi lórúkọ. Kí ni mo fẹ́ fi kì í?”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Màmá yìí wọkọ̀ òfuurufú láti London nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn. Ìlù bi wọ́n ní ìbéèrè náà ní gbangba, níwájú ààfin, lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ agboolé wà nínú àpò wọn, ó tún wà lẹ́nu èmi tí mo dúró tì wọ́n. Èmi ni mo ní ìkíni ni. Wọ́n kúrò lọ sí Èkó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀bi tèmi ni èyí, n kò ní tì í sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Mo ti ṣe ìdánwò lítíréṣọ̀ alohùn, mo sì yege. Mo lè kọ ojú ewé mẹ́ta lórí oríkì láì gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n n kò tíì jókòó ti onílù rí ní ọjọ́ ayé mi. Tí mo bá sì wo àyíká mi dáadáa, n kì í ṣe èmi nìkan.

Bí a ṣe ṣètò ìrìn náà tún dá kún un. Mo rí ìwé ètò náà. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ti oúnjẹ àti ti ayàwòrán wà níbẹ̀. Ti onílù kò sí. Nígbà tí mo béèrè, èsì tí mo gbọ́ ni pé àwọn onílù á kúkú wà níbẹ̀. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ igi ẹ̀bá ọ̀nà. Ìrìn-àjò orin Áfíríkà ni wọ́n pè é, ẹni tó ni orin kò sí nínú ìwé.

Èrò mi kò ju èyí lọ: nínú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, onílù ni olùkọ́. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ó yẹ kí a mọ orúkọ rẹ̀, kí a bá a ṣàdéhùn owó rẹ̀ ṣáájú, kí ẹni tó gbọ́ èdè ìlù sì dúró láàárín òun àti àlejò.

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ fònọ́lọ́jì mọ ìdí tí èyí fi le. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìlù ń gbé jáde. Kò lè pe kọ́ńsónáǹtì. Lórí gángan, “ilé”, “ọkọ́” àti “igbó” kò yàtọ̀ síra. Ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀: gbólóhùn tó ti mọ́ etí lára, orúkọ ẹni, oríkì ìdílé. Akin Euba kọ odindi ìwé lórí dùndún, ó sì jáde ní ọdún 1990. Bí ìlù kò bá ní olùgbọ́ tó mọ̀, ariwo aládùn ló kù. Ariwo aládùn yẹn sì ni àwọn àlejò wa gbọ́.

Kì í sì í ṣe pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ní ohun tí a lè fi han ẹni tó ń wá orin. Òsósà kò jìnnà sí wa. Ọmọ ibẹ̀ ni Hubert Ògúndé, tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1945, tó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tó fún ẹgbẹ́ náà ni African Music Research Party. Ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, ọmọ Ìjẹ̀bú ti rí i pé ìwádìí ni orin Áfíríkà ń fẹ́! Ibi ìtọ́jú ìtàn rẹ̀ wà ní Òsósà títí dòní. Bọ́ọ̀sì wa kò yà síbẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni Hárúnà Ìṣọ̀lá ti gbé àpàlà dé ibi tó gbé e dé. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 1948, Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ló fi ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ènìyàn náà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1969, òun àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀ kí olórin lè ni iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ní 1979, ó gbé ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó náà ni Bátílì Àlàkẹ́, tó gbé wákà sórí àwo kí Sàláwà Àbẹ̀ní tó dé. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn fún àwọn àlejò wa. Orin ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì lọ, òun náà ni wọ́n gbọ́ bọ̀.

Ìtàn náà jìyà tirẹ̀. Nígbà tí a dé Òkè-Èrì, ní ojúbọ Bílíkísù Ṣùngbọ́, afinimọ̀nà sọ fún àwọn àlejò pé sàréè Ọbabìnrin Ṣébà nìyẹn, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wá ṣe àdúrà níbẹ̀. N kò bá ìgbàgbọ́ jà. Ṣùgbọ́n àwọn awalẹ̀pìtàn tó wa Erédò láìpẹ́ yìí fi gbígbẹ́ rẹ̀ sí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ayé Sólómọ́nì sì ti lọ ju ẹgbàá ọdún ṣáájú ìyẹn. Kí ló dé tí a kò lè sọ méjèèjì, kí a pe ìgbàgbọ́ ní ìgbàgbọ́, kí a pe ìwádìí ní ìwádìí? Erédò fúnra rẹ̀ tó nǹkan à ń wò: yàrà àti odi tó gùn tó 160 kìlómítà, tó ga tó 20 mítà ní ibòmíràn. Láti 1995 ló ti wà lórí àkọsílẹ̀ onírètí ti UNESCO, tí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì ti wọlé ní tirẹ̀ ní 2005.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní àlejò kò gbọ́ Yorùbá, kí ni ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìlù ṣe. Ṣé ìdí tí wọ́n fi pe àwa náà kọ́ nìyẹn? Àwọn mìíràn yóò ní owó ni àwọn onílù ń wá. Òótọ́ ni. Olùkọ́ wa náà ń gba owó oṣù, tí kò bá sì wọlé, a máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ìmọ̀ wọn kì í ṣe òótọ́ nítorí ìyẹn.

Ẹlòmíràn yóò ní irú ìrìn-àjò yìí ń sọ àṣà di ọjà, kí a kúkú pa á tì. Èyí ni mo rò jù. Àwọn nǹkan wà tí kò yẹ kí a fi han àlejò. Nígbà tí àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún bá ń lọ sí Ìmọ̀sàn, obìnrin kì í rí wọn lójú ọ̀nà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó jẹ́ obìnrin kò rí i, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àlejò tó gbé kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ló lè sọ pé, “Ó tó, ẹ má kọjá ibí.” Tí àwa tí a mọ̀ bá yàgò, ẹni tí kò mọ̀ ni yóò gba iwájú, kò sì ní mọ ibi tí a ti ń dúró.

Nítorí náà, mo ní ohun mẹ́ta láti bẹ̀ wá fún.

Èkíní, kí ẹ̀ka wa pe onílù wọ kíláàsì, kì í ṣe fún ọjọ́ àṣà nìkan, kí ó wá kọ́ wa fún odindi sáà kan, kí a sì sanwó fún un. Kí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún márùnlélọ́gọ́ta lórí oyè. Àwọn onílù tó ti ń lù fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ti dàgbà gan-an, kò sì sí ẹni tí yóò dúró de ìgbà tí ó bá rọ̀ wá lọ́rùn.

Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ má gba iṣẹ́ ògbifọ̀ mọ́ láì béèrè ìbéèrè méjì lọ́wọ́ ẹni tó pè é: èló ni ẹ fẹ́ fún onílù, àwọn wo sì ni àwọn àlejò, ọmọ ta ni wọ́n? Kí a gba orúkọ àwọn ìdílé wọn ṣáájú, kí a fi lé onílù lọ́wọ́. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni.

Ẹ̀kẹta kàn ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò wọ̀nyí. Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n béèrè ibi tí owó wọn ń lọ, kí wọ́n sì béèrè Òsósà àti Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ní ti èmi, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ bá baba onígángan. Mo sọ orúkọ agboolé náà fún wọn. Wọn kò ronú rárá, wọ́n kàn gbé ìlù kọ́ èjìká, wọ́n sì lù ú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Èyí tí n kò gbọ́ níbẹ̀, wọ́n fi ẹnu túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo gbà á sórí fóònù, mo sì fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó kó wọn wá, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi fi jẹ́ṣẹ́ fún màmá. N kò tíì gbọ́ bóyá ó dé ọwọ́ wọn. Ó ṣì wà lórí fóònù mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ kó wá bá mi ní ẹ̀ka, a ó jọ gbọ́ ọ.