Owó Tí A Dá fún Ìlú, Ẹ Jẹ́ Kó Dé Ibi Tó Ń Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá l'óṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí kò tíì dá owó tí wọ́n yá padà. Ọ̀rọ̀ ìwé ìkésíni ni. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwé tí à ń wí: èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí káàdì dídán, tí wọ́n fi ẹni ṣe "olùfilọ́lẹ̀ pàtàkì", tí wọ́n ní kí a wá bá àwọn dáwó kọ́ yàrá ìgbẹ̀bí, tàbí kí a bá wọn ra páànù sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjì ṣí lórí, tàbí kí a ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ti lórúkọ díẹ̀ n'ílùú, irú ìwé bẹ́ẹ̀ á dé ibẹ̀ dandan.

Èrò tiwa ni pé ó dára kí oníṣòwò máa ta ìlú lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe é kò dára tó. Ìtìjú ló ń mú àwọn kan fúnni, ariwo ló ń mú àwọn mìíràn, ẹni tó sì ń padà bèèrè ibi tí owó náà wọlé sí kò pọ̀. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ wa, àti olúkúlùkù oníṣòwò inú rẹ̀, sọ ìtọrẹ di ohun tí a ṣètò, tí a kọ sílẹ̀, tí a sì tẹ̀lé dé òpin.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì l'ọ́dọ̀ wa. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó dé rárá ni àwọn baba wa ti ń bẹ ọ̀wẹ̀, tí wọ́n ń ṣe àáró, tí wọ́n ń dá èésú. Bí wọ́n bá pe ọ̀wẹ̀ ilé kíkọ́, ẹni tó l'ágbára á po amọ̀, ẹni tí kò l'ágbára á gbé iṣu wá. Kò sí ẹni tó ń gba gbohùngbohùn láti kéde iye iṣu tó gbé wá. Gbogbo ojú ló rí i, ilé náà sì dúró.

Nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti òde-òní sì bẹ̀rẹ̀, kò yà kúrò l'ọ́nà yìí. Àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n ló dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ n'ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ahunṣọ sì wà nínú wọn. Oṣù Kejìlá ọdún 1844 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là wà lára ìwọ̀nba ọjà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wọn ràn díẹ̀, wọ́n ń yọ náírà méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, bí a bá fi owó tiwa sọ ọ́, nínú èrè ẹgbẹ́ fún ìmọ̀ ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ìgbà tí wọ́n di olówó tán ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́, wọn kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni kọ ìwé ìkésíni sí wọn. Ní ọdún 1995, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn alájẹṣẹ́kù àgbáyé pàdé ní Manchester, wọ́n fi ìlànà keje kún àwọn ìlànà wa: pé kí ẹgbẹ́ máa ronú ire àdúgbò tó wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìlú kò kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ó tún ìlànà kà.

A mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọn á ní, "Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe owó sàráà. Ẹ̀yáwó la tìtorí ẹ̀ dá a." Òótọ́ kan wà ńbẹ̀, a kò sì ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Kò sí ẹ̀tọ́ kankan fún kọmití láti gbé owó àwọn ènìyàn lọ síbi ìnáwó kí wọ́n lè pè wọ́n sórí àga iwájú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sábà máa ń mú ọmọ ẹgbẹ́ wá yá owó lójijì. Ṣé kì í ṣe ilé ìwòsàn ni? Ṣé kì í ṣe owó ilé-ìwé? Ìyàwó fẹ́ bímọ, ilé ìgbẹ̀bí tó wà nítòsí kò ní iná, kò ní omi, wọ́n gbé e lọ sí ìlú kejì, owó ọjà sì bá a lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, akápò á máa wá onítọ̀hún kiri. Bí ilé ìgbẹ̀bí yẹn bá dára, owó tiwa náà á rọrùn láti padà wọlé. Àbí ta ni oníbàárà wa, bí kò ṣe ará ìlú yìí kan náà? Ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀ kò lè ra ọjà, èyí tó rà l'áwìn kò sì ní lè san án.

Àwọn mìíràn á ní, "Ìjọba ló yẹ kó ṣe é." Bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba ló yẹ kó ṣe é, kí a má sì dákẹ́ l'órí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn ọmọ ní kíláàsì kò mọ ẹni tó yẹ kó ra páànù. Kí a máa pariwo sí ìjọba l'ọ́wọ́ kan, kí a máa kan ìṣó l'ọ́wọ́ kejì.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìlérí òfìfo. Níbi ìfilọ́lẹ̀, ẹnìkan á dìde, á ní òun àti ìyàwó òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ìlù á sọ, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó parí. Nígbà tí wọ́n bá wá gba owó, ọ̀gá ti rìnrìn àjò. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń kọ́lé ti gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí náà, wọ́n ti gba símẹ́ńtì l'áwìn. L'ọ́wọ́ ta ni? L'ọ́wọ́ oníṣòwò bíi tiwa ni! Báyìí ni ariwo ẹnìkan ṣe di gbèsè ẹlòmíràn.

Èkejì ni ọrẹ tó dúró l'ójú ọ̀nà. Gbogbo wa la rántí ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá parapọ̀ pẹ̀lú báǹkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní CACOVID, wọ́n sì ra oúnjẹ fún àwọn aláìní káàkiri ìpínlẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ènìyàn já ilé ìpamọ́ oúnjẹ ní Èkó, ní Ẹdẹ, ní Ìlọrin àti ní ibòmíràn, wọ́n sì bá irú oúnjẹ yìí níbẹ̀. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé díẹ̀díẹ̀ ni oúnjẹ náà ń wọlé, pé àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ń tọ́jú díẹ̀ de ìgbà tí àrùn lè tún yọjú. A kò jókòó láti dájọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ tí àwa rí kọ́ ni pé ọrẹ tí kò tíì dé ẹnu ẹni tí ebi ń pa kò tíì di ọrẹ, ìyókù ẹrù inú ilé ìpamọ́ ni.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tàn. Oníṣòwò kan lè lẹ ìwé mọ́ ògiri pé nínú páálí ọṣẹ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rà, òun á yọ àádọ́ta náírà fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ó dára. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi ọgọ́rùn-ún náírà lé owó ọṣẹ kí ó tó lẹ ìwé, ta ló ta ta lọ́rẹ? Oníbàárà ló fúnni, ọlọ́ṣẹ ló gba ọpẹ́, ó sì tún rí àádọ́ta náírà jẹ l'órí ẹ̀. Bí ọjà bá gbọ́ irú èyí l'ẹ́ẹ̀kan, wọn kò ní gba ẹnikẹ́ni nínú wa gbọ́ mọ́. Ẹ̀kẹrin sì ni fọ́tò. Kí a to ọmọ ènìyàn sórí ìlà nínú oòrùn, kí a ní kí wọ́n kúnlẹ̀ nítorí àpò ìrẹsì méjì, kí a máa yà wọ́n: ìyẹn kì í ṣe àánú. Ọmọ tí a yà lónìí, ọ̀la lè mú kó di oníbàárà wa, kò sì ní gbàgbé.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹni tó bá ní òun á dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ mọ iye tí agbára wa ká. Òfin àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1912 la ìlànà kan sílẹ̀ tó ṣì mọ́gbọ́n wá: kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ fi ìdá mẹ́rin èrè ọdún sí owó ìpamọ́, lẹ́yìn náà kí ohun tí wọ́n bá fi tọrẹ má ju ìdá mẹ́wàá nínú ìyókù lọ. Ọ̀gbẹ́ni Strickland, tó kọ ìwé ìmọ̀ràn fún ìjọba ní ọdún 1934 kí òfin tiwa ti ọdún 1935 tó jáde, Íńdíà ló ti ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó tó wá síbí. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò dán an wò. Ká ní èrè wa l'ọ́dún kan jẹ́ ₦2,000,000. Owó ìpamọ́ á gba ₦500,000, á ku ₦1,500,000. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Ìyẹn ni òté, a kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, bí alága ìnáwó tiẹ̀ jẹ́ àna ẹni. Ìyókù á ṣẹ́ kù fún àwa ọmọ ẹgbẹ́. Kí a tó ṣe é, kí akọ̀wé ka ìwé òfin ẹgbẹ́ tiwa sí etí gbogbo wa, kí a sì gba àṣẹ l'ọ́dọ̀ ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ bí òfin bá bèèrè rẹ̀.

Èkejì, kí a máa fúnni ní ohun tí à ń tà ju owó lọ. Ẹni tó ń ta símẹ́ńtì, kí ó gbé símẹ́ńtì lọ. Oníbúlọ́ọ̀kù, kí ó gbé búlọ́ọ̀kù. Alágbàṣe onípáànù, kí ó yọ̀ǹda ọjọ́ kan. Iye tí a fi rà á l'ọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ná wa, iye ọjà ló sì jẹ́ fún wọn. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀: búlọ́ọ̀kù kì í wọ inú àpò agbádá.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe ìlérí níbi ìfilọ́lẹ̀ tí owó rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Bí a bá ṣe é, kí a san án kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, kí a gba rìsíìtì, kí a fi rìsíìtì náà sínú fáìlì tí ọ̀dítọ̀ lè rí. Kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ ẹgbẹ́ méjì á lọ wo iṣẹ́ náà l'ójúkojú, wọ́n á sì wá jábọ̀ níbi ìpàdé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a wá wò ó, kí ó má gba owó wa.

Ẹ̀kẹrin, kí òṣèlú má bá wa wọlé. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 kò gba ilé-iṣẹ́ láyè láti fi owó rẹ̀ ta ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́rẹ. Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, "iṣẹ́ àánú" á máa pọ̀ bí olú òjò. Kí kọmití fojú inú wò ó dáadáa.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé àlá lásán ni èyí, kí ó bojú wo Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọdún 1998, ìlú náà pe ìpàdé ńlá l'órí bí òṣì á ṣe dín kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, tó dolóògbé ní ọdún 2022, wà l'ára àwọn tó ṣíwájú. Àwọn ọmọ ìlú, nílé àti l'ẹ́yìn odi, dá owó, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì wà l'ára ọ̀nà tí wọ́n gbà fi yá àwọn àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò. Ìdí tí wọ́n fi gba ọ̀nà ẹgbẹ́ kò ṣòro mọ̀: ọmọ ẹgbẹ́ mọ ọmọ ẹgbẹ́, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ìṣe rẹ̀. Ìmọ̀ yẹn gan-an ni ọrọ̀ wa. Ẹni tó mọ ìlú ló mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Àbá wa nìyí fún ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀: kí a dìbò l'órí pé kí àpò ìlú wà nínú ìwé ẹgbẹ́, kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí kì í ṣe ọmọ kọmití láti máa ṣọ́ ọ, obìnrin kan ó kéré tán nínú wọn, kí a sì yan iṣẹ́ kan ṣoṣo l'ọ́dún tí a ó ṣe dé òpin. Iṣẹ́ kan tó parí sàn ju ìfilọ́lẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá sọ tẹnu ẹ̀ níbi ìpàdé; ọ̀rọ̀ tí a bá gbé síta là á rí tún ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ ká jọ na ọwọ́ náà. Ọjà á tà o.