GỌ́Ọ̀MÙ KÌ Í ṢE OÒGÙN Ẹ́ŃJÌNNÌ TÓ SÁN

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá, a ò ní bò ó mọ́lẹ̀ mọ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tọ́ọ̀pù sìlíńdà ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi sí oko tòmátì wa sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò pílọ́ọ̀gì. Mẹkáníìkì fi gọ́ọ̀mù dí i, ó ní ó ti parí, ó gbowó. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ kú mọ́ wa lọ́wọ́ lóko. Kí a tó rí òmíràn yá, òdòdó tòmátì ti gbẹ dànù. Ta ló máa san ìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Gọ́ọ̀mù lè dí ibi tí ooru ò ti pọ̀, bí ìdérí tí ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀. Àmọ́ níbi tí iná ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, kò lè dúró.

Àwọn kan á tún ní, "Alumíníọ̀mù ò ṣeé jó, ẹ lọ ra tuntun." Irọ́ ni! Ó ṣeé jó, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń jó géètì. Nǹkan bí 660°C ló ti ń yọ́, kì í sì í pọ́n bí irin kó tó yọ́. Awọ fẹ́lẹ́ tó bo ara rẹ̀ ní tiẹ̀ kì í yọ́ títí ooru á fi kọjá 2,000°C. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fi ń dá ihò sí i.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi í:

1. Ṣé ẹ máa fọ ọ́ìlì ara rẹ̀ kúrò pátápátá?
2. Ṣé ẹ máa lu ihò kékeré sí ìparí ibi tó sán, kó má baà sán lọ, kẹ́ ẹ sì gbẹ́ ojú rẹ̀ bíi lẹ́tà V?
3. Ṣé ẹ máa kọ́kọ́ mú un gbóná, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀rọ TIG tó ń lo gáàsì argon jó o, pẹ̀lú wáyà alumíníọ̀mù bíi 4043?
4. Ṣé ẹ máa jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, láìda omi sí i, kí tọ́nà sì fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, kẹ́ ẹ tó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i?

Tó bá ń kùn, ẹ gbé ẹrù yín.

Kọ́nrọ́ọ̀dù tó sán ńkọ́? Ìyẹn, ẹ má jó o rárá, ẹ ra tuntun. Tó bá já lẹ́nu iṣẹ́, ó lè fọ́ gbogbo ẹ́ńjìnnì.

Ẹ ní TIG wọ́n? Ẹ ṣírò owó gọ́ọ̀mù ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ fi owó tòmátì tó ṣòfò kún un, kẹ́ ẹ wá sọ èyí tó wọ́n jù fún wa.