Ibùdó Ogun Àná, Igbó Ìyè Òní

Ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ṣe! Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ìkòyí, aládùúgbò Ìkirè àti Àpòmù, ni mo kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ. Orúkọ ìlú yín kì í ṣe orúkọ ọ̀lẹ. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ipò, Oníkòyí ni olórí Ẹkùn Òsì, ogun ni a sì fi ń ki ọmọ Oníkòyí títí di òní. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí ogun bá tán, kí ni a ń fi ilẹ̀ tí a ti jà ṣe?

Ìdáhùn kan wà nítòsí yín. Ìjà ọjà Àpòmù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ni ó di ogun Òwu. Ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn asásálà Ọ̀yọ́ pàgọ́ ti Òwu títí ìlú náà fi ṣubú, wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un kọ́. Igbó àti oko ni ó jogún ààfin.

Ìdáhùn tó tóbi jù wà ní Ọ̀yọ́-Ilé. Olú ìlú ni, ibùdó àwọn ẹlẹ́ṣin ogun sì ni, odi lórí odi ni ó yí i ká. Láàrin ọdún 1830 sí 1840 ni ó di ahoro. Ní 1941, ìjọba sọ ọ́ di igbó ọba. Ní 1952 ó di igbó ààbò ẹranko. Ní 1991 ó di apá kan Old Oyo National Park, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹfọ̀n àti ìgalà ń jẹ níbẹ̀, Odò Ògùn, omi Yemọja, sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Àlejò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi àwókù odi náà, bí ẹ̀ṣọ́ igbó bá ṣíwájú rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa kò fẹ́ gbọ́ pé kí àlejò máa rìn nínú irú igbó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ púpọ̀ a máa ba ibi ọ̀wọ̀ jẹ́. Èmi kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n igbó tí ọmọ onílẹ̀ kò mọ̀, agégẹdú ni yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìjọba dáàbò bò ó ní 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Nítorí pé ènìyàn ń rìn níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni ariwo fi ta nígbà tí ìwakùsà wúrà lókè odò sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀. Bí ojú kò bá rí omi náà, ta ni ìbá sọ̀rọ̀?

Àwọn òyìnbó pàápàá ti rí ọgbọ́n yìí. Lẹ́bàá Berlin, ní Jámánì, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Döberitzer Heide. Ọ̀pọ̀ ìran ọmọ ogun ni ó fi ibẹ̀ kọ́ ìjà. Nígbà tí ọmọ ogun Sófíẹ̀tì kúrò, ẹranko gba ibẹ̀. Lónìí, ọ̀nà ẹsẹ̀ yí i ká fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n fi wáyà ti àárín rẹ̀, ẹranko nìkan ló ni ín. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe igbó àìwọ̀? Ohun tí àwọn baba wa fi èèwọ̀ ṣe ni wọ́n fi wáyà ṣe.

Nítorí náà, mo dá ohun mẹ́ta lábàá. Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú àṣẹ àti ẹ̀ṣọ́ igbó; ayé ti le, kí ẹnikẹ́ni má dá rìn. Kí àgbà ọdẹ bá wọn lọ, kí ó fi ẹsẹ̀ ẹranko hàn wọ́n, kí ó sì pe igi ní orúkọ. Èkejì, kí ìlú kọ̀ọ̀kan pààlà igbó tirẹ̀: ibi tí àlejò lè dé, àti ibi tí awo nìkan ń wọ̀. Ẹ̀kẹta kan àwa fúnra wa. Ewé ni àwọn baba wa fi ń di ẹbọ. Ọ̀rá àti ìgò tí a ń fi sílẹ̀ létí odò kì í ṣe ẹbọ, ìdọ̀tí ni. A kò lè máa bá awakùsà jà kí àwa náà máa da ilẹ̀ sí ojú omi.

Ẹ̀yin ọmọ Èṣọ́, ìlú ni baba yín fi apó àti ọfà ṣọ́. Igbó ni ó kù kí ẹ ṣọ́, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ yín mọ̀ ọ́n.

Àbọrú, àbọyè.