Gìtá Sunny Adé àti ìlù tí ń dákẹ́ ní Sábó

Bí ènìyàn bá gba Sábó kọjá ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí ìnáwó bá wà, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ni ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo lè jókòó ti kíbọọ̀dù, kí ó máa fi ìka tẹ ìlù, fèrè àti gìtá jáde láti inú ẹ̀rọ kan náà. Owó rẹ̀ kò tó ti odindi ẹgbẹ́ akọrin, kò sì nílò bọ́ọ̀sì tí yóò kó èrò wá. Kò sí ẹni tí yóò bá olùnáwó jà pé ó wá ohun tí apá rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn àgbààgbà ìlú méjèèjì jókòó lé lórí: bí ẹ̀rọ bá ń ṣe iṣẹ́ onílù, níbo ni ọmọ onílù yóò ti kọ́ iṣẹ́ baba rẹ̀? Bí ó bá sì kọ́ ọ, ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Ìgbésí ayé King Sunny Adé dáhùn ìbéèrè méjèèjì.

Sunday Adéníyì Adégẹyè ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìlú Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1946, ṣùgbọ́n ìdílé ọba ní Oǹdó ni ó ti wá. Bàbá rẹ̀ a máa tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lépa ìwé kíkà, Èkó ni òun gbà lọ, orin ni ó sì lọ bá níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni ó ti ṣiṣẹ́, nígbà tí aláwàdà náà ṣì ń darí ẹgbẹ́ háíláìfù tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies. Ní ọdún 1967, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Green Spots. Àwọn tí wọ́n ti gbọ́njú nígbà náà yóò rántí pé Blue Spots ni I.K. Dairo ń pe tirẹ̀. Nígbà tí ó yá, Green Spots yí padà di African Beats.

Ojú tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń wo olórin nígbà náà kò dára rárá. Alágbe ni wọ́n ń pè é. Kí ọmọ ọba wá gbé gìtá kọ́rùn, kí ó máa kọrin ní òde aláríyá, ohun ìtìjú ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Òbí tí ó rí ọmọ rẹ̀ tí ó ń lu ìlù a máa rò pé ọmọ náà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rò bẹ́ẹ̀ bí ó bá rí i nídìí iṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì.

Sunny Adé kọ́ ló dá jùjú sílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni Túndé King ti ń kọ ọ́ ní Èkó. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, gángan wọ inú rẹ̀, Àyìndé Bákàrè sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ so gìtá mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. I.K. Dairo, tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní ọdún 1963, mú àkọ́díọ̀nù wọ inú rẹ̀. Túndé Nightingale fi ohùn rẹ̀ tí ó tínrín bí ti ẹyẹ kún un, Ebenezer Obey náà sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1964. Oníkálukú wọn ló bá nǹkan nílẹ̀, oníkálukú wọn ló sì fi nǹkan lé e.

Ohun tí Sunny Adé fi lé e ni ó yẹ kí àwọn ọmọ Àyàn fi etí sí dáadáa. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, àwọn ìlù yòókù ń gbè é, oníkálukú sì mọ ojú ibi tí yóò ti lù tí kò fi ní dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀nà yìí gan-an ni Sunny Adé gbà to gìtá. Kò jẹ́ kí gìtá kan ṣoṣo máa dá ariwo pa. Ó kó gìtá mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, ó sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kékeré tirẹ̀. Ó tún mú gìtá kan wọlé tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, tí wọ́n ń fi irin fà, èyí tí orísun rẹ̀ jẹ́ erékùṣù Hawaii, tí àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ń lò fún orin ará oko wọn. Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ni ó ń ta gìtá náà fún African Beats. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun òkèèrè wọ̀nyí, gángan kò kúrò níwájú. Òun ló ń kì, òun ló ń sọ òwe, òun náà ló ń sọ ìgbà tí oníjó yóò mi ìdí.

Ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Sábó. Ibẹ̀ ni Hausa àti Yorùbá ti ń gbé pọ̀ tipẹ́, tí wọ́n jọ ń tajà, tí wọ́n sì jọ ń ṣe ìnáwó. Bí ènìyàn bá wo kàlàngú Hausa àti gángan Yorùbá dáadáa, yóò rí i pé ẹbí ni wọ́n. Ẹni tí ó mọ tirẹ̀ dunjú kì í bẹ̀rù láti gba ti àlejò mọ́ ọn.

Nígbà tí Bob Marley kú ní ọdún 1981, ilé iṣẹ́ Island Records ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá olórin mìíràn tí wọn yóò gbé jáde fún aráyé, Sunny Adé ni wọ́n sì mú. Wọ́n gbé Juju Music jáde ní ọdún 1982, Synchro System tẹ̀ lé e ní ọdún 1983, èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn Grammy. Nínú Aura ti ọdún 1984, Stevie Wonder fúnra rẹ̀ ló fọn fèrè ẹnu sí i. Àdéhùn wọn parí lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé Odù jáde ní ọdún 1998, wọ́n tún dárúkọ rẹ̀ fún Grammy. Nínú gbogbo rẹ̀, èdè Yorùbá ló fi ń kọrin. Àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ ń jó.

Ọ̀rọ̀ tún kù tí àwọn tí ń jó kò mọ̀. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí àwo rẹ̀ ń tà wàràwàrà, ilé iṣẹ́ African Songs ni ó ń gbé e jáde, ìwé àdéhùn sì ti so ó mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà di ti kóòtù. Ní ọdún 1974, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Sunny Aládé Records. Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ lórí àwọn àwo àtijọ́ náà kò tán bọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń fà á ní kóòtù lẹ́yìn tí ọdún 2000 ti kọjá. Ẹni tí ó bá ti dáko ní abẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ènìyàn lè gbin kajú fún ogún ọdún, kí igi náà so jìngbìnnì, kí ó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ilẹ̀ tí ó dúró lé.

Òfin ti wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, sọ pé ẹ̀tọ́ lórí orin wà fún ẹni tí ó kọ ọ́ títí ayé rẹ̀, ó sì tún wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè gba ẹ̀tọ́ náà pátápátá lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìwé. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn, nítorí ìwé náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń sáré fọwọ́ sí nítorí owó táṣẹ́rẹ́ tàbí nítorí pé ẹnì kan ṣèlérí láti gbé orin wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn ní Sábó lónìí kò ju ẹni tí ó lè fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ohun tí agbẹjọ́rò tàbí olùkọ́ kan kò tíì kà fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé Sunny Adé kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá, pé kì í ṣe gbogbo onílù ni yóò dé Lọ́ńdọ̀nù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó lé ní ogún ènìyàn kì í ṣe oúnjẹ ẹnì kan. Onígìtá jẹ níbẹ̀, onígángan jẹ, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jẹ, awakọ̀ àti ẹni tí ń gbé ẹ̀rọ náà jẹ. Kíbọọ̀dù kan kò lè bọ́ gbogbo wọn.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò pọ̀ ju agbára lọ. Kí olùnáwó tí ó bá gba oníkíbọọ̀dù gba onílù méjì mọ́ ọn. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ àwọn onílù ààfin Aláàfin àti Ṣọ̀ún lọ́wẹ̀, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń kọ́ni ní orin ìsìn tipẹ́. Ó yẹ kí gìtá àti dùndún jọ pàdé níbẹ̀. Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ tilẹ̀ pe Sunny Adé fúnra rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò nínú ẹ̀kọ́ orin. Ẹni tí wọ́n ń pè ní alágbe ti di olùkọ́ ní fásitì.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlù tí ó gbé jùjú dé òkè òkun, agbo ilé Àyàn ni ó ti jáde. Ó yẹ kí àwọn àgbà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ rí i pé àwọn ọmọ tí ó ni ín mọ̀ ọ́n lù, pé ìwé sì wà lọ́wọ́ wọn tí ó fi hàn pé àwọn ló ni ín.